Ọmọlangidi Ara Igi Kérésìmesì

Àlùfáà tuntun ń já àwọn ọmọlangidi alákìísà lára igi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ wọ́n sínú iná. Ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ wọn, ó ń yáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kérésìmesì ku ọ̀la, ẹ sì ń bọ igi lójú Ọlọ́run!"

Àwọn ará ìjọ dúró, wọ́n ń wo iná. Ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló sún mọ́ ọn.

"Ẹ rọra, Àlùfáà. Àlùfáà àkọ́kọ́ ló ní ká máa so wọ́n."

"Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Kí ìgbàgbọ́ tó dé, tí òtútù bá ti gbé oòrùn mì báyìí, ọmọ gidi la máa ń so síbẹ̀ kí oòrùn lè yọ padà. Ó bẹ̀ wá títí, ó ní ká fi ọmọlangidi rọ́pò."

Àlùfáà bojú wo iná. Èyí tó gbẹ̀yìn ti jó tán.

"Ìyẹn ti di ìtàn, Mama," ó fi tipátipá rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà gbójú sókè. Ojú ọ̀run ló ń wò, ó ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tí àlùfáà máa fi bojú wẹ̀yìn, àwọn ará ìjọ ti yí ìyàwó rẹ̀ ká, wọ́n ń bá a tú ọ̀já.