Ihò Abẹ́rẹ́ Tí Ojúòparọ́ Kò Rí

Wọ́n lé aránṣọ kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí olè tí kò jà. Ẹ̀yin tí ẹjọ́ dídá kì í wọ́n lẹ́nu yín, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí tán, ẹ má fo ibì kankan. Ibi tẹ́ ẹ bá fò gan-an lè jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà.

1.
Obìnrin méjì ló ń ránṣọ lọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá. Ẹni àkọ́kọ́ ti lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ojúòparọ́ ni àwọn oníbàárà sọ ọ́, nítorí kì í fi téèpù wọn èèyàn. Á wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan láti orí dé ẹsẹ̀, á sì gé aṣọ rẹ. Bó ṣe ń fojú wọn èèyàn náà ló ṣe ń fojú dá wọn lẹ́jọ́.

"Èyí ò nífẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Tọ̀hún yẹn, agbéraga ni, ẹ wo bó ṣe ń gbé ọrùn!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á dùn.

Ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní Adákẹ́. Lọ́jọ́ tó dé, kò sí àga fún un. Ojúòparọ́ ló dìde tó fún un ní tirẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

2.
Màmá fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í padà wá fún àtúnṣe lòun máa fa tábìlì ìgéṣọ lé lọ́wọ́, àti ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ tí Ojúòparọ́ ti ń rí ara rẹ̀ nídìí tábìlì yẹn. Àmọ́ lọ́sẹ̀ náà, ìyàwó tuntun kan wọlé, ó nawọ́ sí Adákẹ́. "Ẹni tó ń rọra ránṣọ yẹn ni kó rán tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ojúòparọ́ lára bí abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ sínú ẹran. Látọjọ́ náà, lójú Ojúòparọ́, bí Adákẹ́ bá rẹ́rìn-ín, òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Adákẹ́ bá dákẹ́, ibi ló ń gbèrò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Adákẹ́ rọra sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ẹ ń gbé aṣọ sún mọ́ ojú gan-an. Ẹ ò ṣe jẹ́ kí wọ́n bá yín yẹ ojú wò?"

"Ojú ta ni? Àga tó o gbà lọ́wọ́ mi ò tó ọ, ojú mi ló kù tó o fẹ́ gbà?"

Adákẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

3.
Ojúòparọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ó rí i pé nírọ̀lẹ́, àpò Adákẹ́ máa ń wú. Láàárọ̀, Adákẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé, àpò náà á sì ti ṣófo. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Adákẹ́ jáde lọ pọnmi, Ojúòparọ́ tú àpò náà wò. Aṣọ oníbàárà ló bá níbẹ̀, aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ rán.

Kò bi ara rẹ̀ pé irú olè wo ló ń jí aṣọ nírọ̀lẹ́ tó ń dá a padà láàárọ̀. Owú kì í béèrè ìbéèrè.

"Ẹ wá wolè o! Aṣọ oníbàárà ló ń kó lọ sílé!"

Adákẹ́ wọlé, omi ṣì wà lórí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀."

"Kọ̀rọ̀ kẹ̀? Olè ló ń wá kọ̀rọ̀! Sọ ọ́ síta!"

Màmá ní, "Adákẹ́, kí ni aṣọ yìí ń wá nínú àpò rẹ?"

Adákẹ́ wo Ojúòparọ́, ó wo àwọn oníbàárà tó ti pé jọ, ó wolẹ̀. "Màmá, mi ò jalè. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbí."

"Ṣé ẹ rí i? Ojú mi ò parọ́ rí!"

Màmá ní kí Adákẹ́ máa lọ. Kò dúró kí àwọn èèyàn túká, kó sì tún bi í léèrè. Òun náà jẹ̀bi níbẹ̀.

4.
Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí aṣọ fi ń rọ́ padà wá. Oníbàárà kan na apá méjèèjì síwájú: apá aṣọ kan bo àtàǹpàkò, èkejì kò kọjá ìgbúnwọ́ dáadáa. "Ṣé ejìká mi ló wọ́ ni, àbí ẹ̀yin lẹ ò ríran?"

Màmá wọ yàrá lọ, ó gbé aṣọ tí Ojúòparọ́ rán fún òun fúnra rẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn, ó yí inú rẹ̀ síta lẹ́bàá fèrèsé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán, ihò abẹ́rẹ́ mìíràn tò lọ, kò sí òwú nínú wọn, wọ́n wọ́ bí ọ̀nà ekòló. Ẹnì kan ti tú aṣọ náà, ó sì tún un rán.

"Ta ló tún èyí rán?"

Ojúòparọ́ gbé e sún mọ́ ojú. Kò rí ihò kankan. Ìka rẹ̀ ló rí i. Ìka náà ló sì mọ ọwọ́ tó rán ojú kéékèèké tó tẹ̀ léra pẹ́kípẹ́kí yẹn.

"Àṣìṣe mi ló ń gbé lọ sílé," ló sọ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Òun àti Màmá lọ bá Adákẹ́ nílé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi lága lọ́jọ́ tí mo dé," ló wí. "Mo fẹ́ kí ẹ rí tábìlì yẹn gbà."

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, padà wá."

"Wọ́n ti ń pe ọmọ mi ní ọmọ olè ládùúgbò. Mi ò ní padà."

Ìwọ tó ń kà á, ta lo ti dá lẹ́bi lónìí? Ṣé o gbọ́ tẹnu rẹ̀, àbí ipò rẹ̀ ló ń wù ọ́? Kó o tó pariwo olè, wo ọkàn tìrẹ ná, bóyá owú ló wà nídìí ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni.

Dókítà ní ojú ọ̀tún Ojúòparọ́ ti lọ, pé ó pẹ́ kó tó wá. Adákẹ́ ń ránṣọ nínú yàrá rẹ̀. Màmá kò tíì fa tábìlì ìgéṣọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹnu ọ̀nà ni Ojúòparọ́ ń jókòó sí báyìí, bọ́tìnnì ló ń rán, ẹni tó bá sì wà nítòsí ló ń bá a fi òwú sójú abẹ́rẹ́.