Oga N Bo

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù ìyàwó awakọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ni, láti ẹnubodè: “Oga n bo. Tete palemo.”

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọ̀gà tuntun, àwọn alágẹmọ mìíràn, ń bọ̀. Ọkọ òun ti kọjá láìséwu.

Ìjọba ti fòfin de òwò alágẹmọ, ẹ̀wọ̀n sì ni fún ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́.

Ó fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú àwọn alágẹmọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi dì wọ́n, kí àyè lè wà fún àwọn tó ń bọ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú. “Ìyàwó mi, ẹran tí kò ṣeé jẹ, tí kò lè peku, kí làwọn olówó ń fi í ṣe?”

“Wọ́n ń wò ó ni, Ìyá. Bó ṣe ń pàwọ̀ dà.”

“Ẹ̀wọ̀n náà máa ń pàwọ̀ èèyàn dà o.”

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Ó kó gbogbo wọn lé aṣọ fèrèsé, ó gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

“Wọ́n ti dé!” Ó ṣí i gbayawu.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ kọ́sítọ́ọ̀mù ló kọ́kọ́ wọlé.

Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí àwọn alágẹmọ tó ń rìn lára aṣọ fèrèsé, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

“Ọ̀gá ni mo kọ,” ni ó wí. “Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo ní kí o kó wọn dànù.”

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n á mú.”