Ṣé Kí N Wọlé?

Ohùn Láńrewájú, olólùfẹ́ mi, ló ń kì mí láyà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi nìkan ló kù ní ọ́fíìsì, mo sì ti ti ilẹ̀kùn. Mo ń sọ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ọ̀gá wa, di tuntun ni ojú kọ̀ǹpútà náà bá ṣókùnkùn biribiri. Bí kò bá tàn kílẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

"Àwẹ̀ró mi, má sunkún. Tẹ àṣẹ tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ sínú kọ̀ǹpútà náà, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣókùnkùn. Màá ti ibí wọlé sínú kọ̀ǹpútà náà, màá sì tún un ṣe."

Mo tú ohùn fóònù síta, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì ń tẹ àṣẹ náà.

"Láńre, nǹkan kan ń ha ilẹ̀kùn."

"Èkúté ni, ìyàwó ojo!"

Híha náà dáwọ́ dúró. Ohùn kan wá rọra sọ pé, "Ṣé kí n wọlé?"

Ara mi yá gágá pé Láńre ti ṣe tán láti wọ inú kọ̀ǹpútà náà. "Wọlé, ọkọ mi. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Ohùn Láńrewájú jáde láti inú fóònù.

"Àwẹ̀ró, ta lò ń sọ fún pé kó wọlé? Mi ò tíì sọ nǹkan kan o."

Lẹ́yìn mi, kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ti ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀.