Ta Ló Mọ Ọ̀nà Ulé?

Ọdún 1992 nìyí. Òjò ò dá ní erékùṣù yìí.

Èmi àti bàbá mi ti Ọ̀wọ̀ wá ṣèrántí àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú síbí nígbà ogun abẹ́lé.

Bàbá mi tutọ́ sínú ẹrẹ̀. "Ìlú yìí rí mi lára! Títí ogun fi parí, mi ò fọwọ́ kan nǹkan wọn rí."

Ọmọbìnrin tó ń ha ẹja fún wa fi pijin bi mí:

"Àǹtí, ẹ mọ ìlú Ulé? Sójà tó fún ìyá mi lóyún mi ní bógun bá parí, òun á mú un lọ sí Ulé."

Ulé kì í ṣe ìlú. Bí a ṣe ń pe ilé l'Ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Bàbá mi gbá mi lọ́wọ́ mú. "Fúnmiọlá, jẹ́ ká re ulé!"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà.

Mo já ọwọ́ mi gbà. Bàbá mi ló wá rí mi lára.