Adémiládé Tó Ń Fi Kámà Na Aláìsàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.

Olúfúnmi ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Stockport Road, ó ti ń kan ilẹ̀kùn ní Longsight, nílùú òyìnbó, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Mosúnmọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Kókósẹ̀ àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó ti wú, ìbọ̀sẹ̀ sì ti fa ìlà yí i ká.

Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Olúfúnmi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá rí. Adémiládé, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wá bá.

Ta wá ni Adémiládé? Ọkùnrin tó ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton ni. Ó wo fídíò wákàtí mẹ́fà lórí Ayurveda, ìṣègùn àtijọ́ àwọn ará Íńdíà. Wọ́n fi sáfítíkéètì ránṣẹ́ sí i, ó sì gbé e kọ́ lókè àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí ẹ bá pè é ní Bùọ̀dá Ládé, kò ní dáhùn. Dókítà ni kí ẹ pè é.

Olúfúnmi kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, Dókítà. Orí ń fọ́ mi láti àná."

"Mo mọ̀. Nígbà tí ìyá yín kú, ṣé o lọ sin ín?"

Olúfúnmi wolẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú yìí mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dunni. Físà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà, wọn ò tíì dá a padà. Níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí níbi iṣẹ́ ló dúró sí, tó fi fóònù wo bí wọ́n ṣe ń bu yẹ̀pẹ̀ bo ìyá rẹ̀.

"Kámà nìyẹn, ẹ̀san iṣẹ́ ọwọ́ ẹni," ni Adémiládé wí. "Ìyá tí o kò sin ló ń lù ọ́ lórí. Oògùn tí dókítà GP fún ọ kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Dá a dúró. Èyí ni kó o máa lò."

Ó na ike ìyẹ̀fun pupa kan sí i, àwòrán òun fúnra rẹ̀ lára ike.

2.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìyẹ̀fun ti wá. Ṣọ́ọ̀bù Màmá Kamlesh ni, ìyá ará Íńdíà kan tó ń ta èròjà ọbẹ̀ lẹ́bàá ọjà Longsight. Àtalẹ̀ pupa lásán ni. Mosúnmọ́lá mọ̀, nítorí òun ló ń fọ àwọn ike tí ọkọ rẹ̀ ń rọ ọ́ sí tà fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ti ń dákẹ́ láti oṣù mélòó kan, torí ilé lè gbóná. Lọ́jọ́ yẹn, kò dákẹ́ mọ́.

"Dádì Fẹ́yì, àbúrò mi ò gbọdọ̀ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀."

"Ìwọ lo ní sáfítíkéètì ni, àbí èmi?"

"Èmi ni mò ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru arúgbó mẹ́rìnlá láràárọ̀."

"Máa wọn tiwọn. Ẹnikẹ́ni ò bi ọ́."

3.

Ọjọ́ kejì, Mosúnmọ́lá gba ọ̀dọ̀ Màmá Kamlesh lọ. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá náà gbé ṣíbí tó fi ń wọn èròjà kalẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọkọ rẹ pé pàṣán ni kámà, tí èèyàn fi ń na aláìsàn?" ló bi í. "Ìyá mi àgbà mọ Ayurveda. Ohun tó kọ́ wa ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni kámà: ohun tí ò ń jẹ, bí o ṣe ń sùn, bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ẹnìkejì. Ẹni tó mọ ohun tó tọ́, tó wá fojú fò ó, ó ti ṣẹ̀ sí ọgbọ́n ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àìsàn ti ń wọlé."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú páálí oògùn kékeré kan jáde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. "Àràárọ̀ ni mò ń lò ó, lẹ́yìn tíì."

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni Mosúnmọ́lá ti pe àbúrò rẹ̀.

"Fúnmi, lo oògùn rẹ. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin lọ sin ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ìyẹ̀fun yìí ṣe nǹkan kan fún un, kí inú rẹ̀ lè yọ́ sí mi."

Ó pa fóònù.

4.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí Olúfúnmi ti fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wọ súwẹ́tà fún ìyá arúgbó kan níbi iṣẹ́, ó sì ṣubú. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún kò lè di nǹkan mú mọ́, ẹnu sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ yẹn ló fi ń ṣiṣẹ́; iṣẹ́ yẹn ló fi ní físà.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Amelia bèèrè ẹni tó ní kó dá oògùn dúró. Gbogbo ojú yí sí Adémiládé. Òun wo fèrèsé.

"Èmi kì í ṣe dókítà o," ló wí. "Ìmọ̀ràn lásán ni."

Ẹ wo akọni! Ó wá rọra sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní Yorùbá pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò jẹ́wọ́. Kámà rẹ̀ ló pọ̀ jù."

Ó gbàgbé pé rọpárọsẹ̀ kò mú etí. Omi bọ́ lójú Olúfúnmi, ó ṣàn lọ sínú irun rẹ̀. Mosúnmọ́lá nù ún.

5.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò ra ike kankan lọ́wọ́ Adémiládé mọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí Wásáàpù wọn, ẹni tó bá rí i lọ́nà á sọdá sí òdìkejì títì. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí Olúfúnmi máa kúrò ní ọsibítù, Adémiládé jókòó ní pálọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù nípa òróró tó ń fọ kámà nù. Mosúnmọ́lá gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú àpótí méjì, Fẹ́yì, ọmọ wọn, sì dì í lọ́wọ́ mú. Mosúnmọ́lá ti gba yàrá méjì sí Old Trafford, nísàlẹ̀, níbi tí àbúrò rẹ̀ kò ti ní gun àtẹ̀gùn.

"Níbo lò ń lọ?" ni Adémiládé bi í.

Mosúnmọ́lá ṣí ilẹ̀kùn, ó sì jáde.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sára aláìsàn. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ láìbi ẹni tó kọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ìbànújẹ́ ọmọlọ́mọ tajà, ẹ rántí pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.