Ẹ Fa Èémí Sínú

Aránṣọ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́rí, ó gbé fóònù ka iwájú.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ náà sí. Ibẹ̀ nìkan ló ti lè tú inú rẹ̀ sílẹ̀ fún olùdámọ̀ràn rẹ̀.

"Ṣé àyà yín ṣì ń já, mà?" olùdámọ̀ràn bi í lórí fóònù.

"Ó ti ń rọlẹ̀, mà. Ṣé ẹ rántí pé ìró bàtà ìyá ọkọ mi ló ń já mi láyà? Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín tán, màmá ò wọ bàtà nílé mọ́."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Mo sọ fún yín pé kì í kí mi kú iṣẹ́. Ní báyìí, bí mo bá ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lásán, á ní mo kú iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì bá a sọ nǹkan kan. Iṣẹ́ yín jọ idán, mà."

"Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín gan-an. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dijú. Ẹ fa èémí sínú, ẹ rọra mí síta."

Ọ̀fun aránṣọ gbẹ. Ó fi fóònù sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó yọ́ jáde lọ wá omi mu, bí ọmọ tó ń sá fún tíṣà.

Ó ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀.

Wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n. Fóònù kan wà lórí tábìlì, ohùn olùdámọ̀ràn ń jáde nínú rẹ̀: "Ẹ fa èémí sínú."

Ìyá ọkọ dijú, ó ń fa èémí sínú.

Ó ṣe aránṣọ bíi pé wọ́n tú aṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà.

Ọkọ rẹ̀ rí i, ó dìde fìrì. "Fóònù mi kejì... ó kàn bọ́ sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ ni, ló bá ṣèèṣì pe èyí."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni ìyá ọkọ wí láìlajú. "Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ tèmi ló kàn."