Bọ̀dá Fọláhàn àti Ọ̀nà Inú Igi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé àárín kẹ́ ẹ wá pa á tì o. Ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Bọ̀dá àti Àǹtí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú mi ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe. Mi ò sì fi bú ẹnikẹ́ni, torí èèyàn dáadáa ni Bọ̀dá Fọláhàn.

1.
Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ìlú Cheverly ní Amẹ́ríkà níbí ni wọ́n ń gbé. Dókítà ní kí wọ́n wá eré ìdárayá ṣe, ni wọ́n bá tẹ̀ lé àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì tá a máa ń lọ ṣe síkì, ìyẹn eré fífi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì yọ̀ lórí yìnyín, lórí òkè ní Pennsylvania. Lọ́dún àkọ́kọ́, ṣe ni wọ́n ń ṣubú bí àpò gààrí. Lọ́dún kejì, wọ́n ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ẹ fi “díẹ̀” yẹn sọ́kàn.

Ọpẹ́ ló ń kọ́ wa. Nọ́ọ̀sì lòun náà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kékeré ni wọ́n ti gbé e wá sí Amẹ́ríkà, ìgbà yẹn ló ti mọ síkì, síbẹ̀ kò sí àgbà tí kì í kúnlẹ̀ kí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi wá iṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọlọ́run ṣe é, wọ́n gbà á. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ìrìn àjò wa ni yóò bẹ̀rẹ̀.

2.
Láàárọ̀ Sátidé, Ọpẹ́ kó wa lọ síbi tí yìnyín ti ṣe gegele gegele.

“Bọ̀dá, ẹ má wo ẹsẹ̀ yín. Gegele kejì tó wà níwájú ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ jẹ́ kí orúnkún yín rọ̀. Ọwọ́ yín, iwájú ni kó wà.”

Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀ láìṣubú! Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Bọ̀dá Dáramọ́lá, ọ̀rẹ́ wọn, ya fídíò, wọ́n sì fi sórí Wásáàpù ṣọ́ọ̀ṣì. Ká tó jẹun tán, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ti kọ ọ́ pé “Ọ̀gá síkì!” Orí Bọ̀dá wú.

3.
Bọ̀dá nawọ́ sí ọ̀nà kan tó gba àárín àwọn igi lọ. “Ọpẹ́, ó ku inú igi.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ há, yìnyín rẹ̀ sì ti dì gan-an. Ẹ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń yà kíákíá.”

Mo rí ojú Bọ̀dá, wọ́n fẹ́ gbà. Ẹnu Bọ̀dá Dáramọ́lá ló bà á jẹ́.

“Fọláhàn, ọmọ àná ló ń pàṣẹ fún ẹ?”

Háà! Ojú Bọ̀dá yí padà. “Ọpẹ́, ìwọ lo fẹ́ sọ ohun tí agbára mi ká fún mi? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, o ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì!”

Ká ní òyìnbó ló ń kọ́ wọn ni, ì bá ní kò ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Ọpẹ́. Ó tẹrí ba: “Ẹ má bínú sà.” Bọ̀dá wọ inú igi. Ọpẹ́ wò wá. “Èèyàn kì í dá nìkan wà níbẹ̀,” ló wí, ó sì tẹ̀ lé wọn.

4.
Bọ̀dá fúnra wọn ló sọ ìyókù fún wa. Wọ́n gbọ́ ohùn Ọpẹ́ lẹ́yìn: “Ẹ má wo igi! Àlàfo ni kẹ́ ẹ máa wò!” Àmọ́ ẹ̀rù ti bà wọ́n, igi ńlá kan ni wọ́n tẹjú mọ́. Ibi téèyàn bá sì tẹjú mọ́ lórí síkì, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ń lọ. Wọ́n ṣubú lulẹ̀, wọ́n dí gbogbo ọ̀nà.

Ọpẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Nínú kó kọ lu àgbà àti kó kọ lu igi, igi ló yà sí. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà ló sì gbá igi.

“Ọpẹ́! Ọpẹ́ o! Mo gbé!”

“Bọ̀dá, ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?”

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọmọ yẹn nìyẹn.

5.
Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán níbi méjì. Ọjọ́ Ajé kọjá, iṣẹ́ ò lè dúró dè é, wọ́n fi ẹlòmíì síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n dì. Ó rí Bọ̀dá Fọláhàn níta, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ òsì tilẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ sà.”

Bọ̀dá bú sẹ́kún. Àwọn náà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọlọ́dà, níwájú gbogbo wa.

“Dìde, Ọpẹ́. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀. O sọ fún mi, mi ò gbọ́.”

“Bọ̀dá, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá.”

“Kí wọ́n máa wò.”

Ní báyìí, Bọ̀dá ló ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní Lake Arbor. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Iṣẹ́ yẹn ò tíì padà wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ o! Bí ọmọdé bá mọ ọ̀nà jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó ṣíwájú. Ọjọ́ orí ò ní kí igi yà fún yín. Ẹ̀yin ọmọ tó mọ̀wàá hù náà, ẹ kúnlẹ̀ tán, kẹ́ ẹ sì sọ pé rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ti ọ̀rẹ́ yín lẹ́yìn sínú ewu, Ọlọ́run ń rí yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àgbà kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.